Bí Mo Ṣe Jẹ Késárì ní Arámọ̀kọ

Tíṣà tó kọ́ wa ní ìtàn ní ilé-ìwé gírámà tí mo lọ ní Arámọ̀kọ fẹ́ràn àwọn ọba Róòmù ju bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn ẹbí rẹ̀ lọ. Ọkùnrin gígùn tó pá lórí ni. Ṣòkòtò péńpé rẹ̀ máa ń funfun báláú, sítáàṣì sì máa ń mú un le débi pé bó bá jókòó, àwa tó wà lẹ́yìn pátápátá máa ń gbọ́ bó ṣe ń ró. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Róòmù, wọn ì báà lu agogo títí kó fọ́, kò ní gbọ́. Àwa náà kì í sì í rán an létí, nítorí ìṣirò ló máa ń tẹ̀ lé e.

Kì í ṣe àwọn Késárì ńláńlá tí a mọ̀ nínú Bíbélì ló wù ú. Àwọn tí kò pẹ́ lórí oyè ni tirẹ̀: àwọn tí sọ́jà gbé gorí ìtẹ́ lónìí, tí sọ́jà kan náà tún gbẹ̀mí wọn kí agbẹ́gilére tó parí imú ère wọn. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ tó ya aláìgbọ́ràn ló ṣe máa ń sọ̀rọ̀ wọn.

"Ẹ wo eléyìí," á wí, á mi orí, "arúgbó, olówó, ahun. Àwọn sọ́jà ní kó fún àwọn lẹ́bùn oyè, ó kọ̀. Ẹ ò wá rí i? Ẹ ò rí i bí ó ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà?"

Lójú àwa ọmọ Èkìtì, ọ̀rọ̀ yìí kò bójú mu rárá. Nílùú tiwa, bí ọba bá wàjà, ilé tó kàn á kọ́kọ́ jà láàárín ara wọn, ilé tí kò kàn á ní òun gan-an ló kàn, wọn á lọ sí kóòtù, wọn á bọ̀, koríko á sì hù lójúde ààfin. Ṣùgbọ́n bí ọba bá jókòó tán, ó jókòó nìyẹn. A kò gbọ́ ọ rí pé ọba gorí oyè nígbà tí wọ́n ń gbin iṣu, kó má sì sí láyé mọ́ kí iṣu náà tó ta.

"Sà," ọmọ Ìjerò kan bèèrè, "àwọn afọbajẹ wọn ńkọ́?"

"Sọ́jà ni afọbajẹ."

"Ilé tó kàn ńkọ́, sà?"

"Kò sí ilé tó kàn. Ẹnikẹ́ni tí àwọn sọ́jà bá ti gbé sókè lórí apata, ọba ni."

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n kan nawọ́. "Àpáta wo ni, sà? Irú èyí tó wà lọ́dọ̀ wa?"

"Apata! Apata! Ohun tí jagunjagun fi ń gba ọfà!"

"Há," ọmọ Ẹ̀fọ̀n náà wí, ó sì jókòó. A rí i lójú rẹ̀ pé ó ti ń wo àwọn sọ́jà Róòmù níbi tí wọ́n ti ń gbé òkè Ẹ̀fọ̀n tọba tọba.

Bí ọjọ́ tí àwọn òbí máa ń wá wò wá ṣe ń sún mọ́lé ni tíṣà wa sọ pé kíláàsì wa ni yóò ṣeré lọ́dún yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ eré náà. Ọba kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: sọ́jà gbé e gorí oyè, ó pàṣẹ díẹ̀, ó gbéra ga díẹ̀, sọ́jà pa á, ó parí. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé ni ó fi ṣe sọ́jà, nítorí àwọn ni èjìká wọn fẹ̀. Olórí wọn ni gólì wa, ọmọ Òkèmẹ̀sí, ọkùnrin gbàǹgbà tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tí ebi sì máa ń pa láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí ó bá sùn. Wọ́n fi igbá ṣe akoto, wọ́n fi èédú kùn ún. Pátákó ìkọ̀wé àtijọ́ kan tó ti là díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi ṣe apata. Ní tèmi, ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni wọ́n fi mí sí, kí n máa rán ẹni tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ létí. Iṣẹ́ náà tẹ́ mi lọ́rùn. Mo lè jẹ ẹ̀pà níbẹ̀ láìsí ẹni tó rí mi.

Àṣìṣe tí tíṣà wa ṣe ni pé ní ọjọ́ ìgbáradì àkọ́kọ́, ó jókòó ti àwọn sọ́jà rẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún wọn pé kò sí sọ́jà Róòmù tó ń gbé ọba lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ gbọ́dọ̀ fún wọn ní nǹkan. Bí kò bá fún wọn, wọ́n á wá ẹlòmíràn.

Gólì tẹ́tí sílẹ̀. N kò rí i rí kó tẹ́tí sí ẹ̀kọ́ kankan bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n tó bèèrè ọ̀rọ̀ àpáta ni wọ́n kọ́kọ́ fi jọba. Ó mọ̀wé, ó mọ́ tónítóní, ó sì ní àpótí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó fi agádágodo tì. Gbogbo ilé-ìwé ló mọ̀ pé gààrí, ṣúgà àti ẹja gbígbẹ wà nínú rẹ̀, nítorí òórùn ẹja kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ sí agádágodo lẹ́nu. Wọ́n fi aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì funfun wé e, ó jókòó sórí pátákó, wọ́n gbé e sókè, gbogbo wa pariwo "Kábíyèsí!" Nígbà tí ariwo lọ sílẹ̀, gólì gbójú sókè.

"Kábíyèsí, àpótí yẹn ńkọ́?"

"Àpótí wo?"

"Èyí tó ní agádágodo."

"Gààrí ìyá mi ni."

"A mọ̀. Òun là ń bèèrè."

"N kò lè fi gààrí ìyá mi tọrẹ nítorí eré orí ìtàgé!"

Gólì kò bá a jiyàn. Ó kàn sọ èjìká tirẹ̀ kalẹ̀, àwọn tó wà lọ́wọ́ òsì kò sì sọ tiwọn. Ọba wa yọ̀ wẹ́rẹ́ lórí pátákó náà, ó bọ́ sínú ẹrẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé ìdáná máa ń da omi sí. Nígbà tó dìde, ìṣirò tí ẹnì kan ti kọ sórí pátákó láti ọjọ́ pípẹ́ ti tẹ̀ mọ́ ọn nídìí kedere, pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀. Ó lọ bá tíṣà pé òun kò ṣe mọ́.

Tíṣà wa kò bínú. Ayọ̀ ló ń yọ̀. "Ahun ni wọ́n kọ́kọ́ lé kúrò ní Róòmù náà!" ó ń tún un sọ. "Ahun gan-an ni!"

Ẹni kejì ni ọmọ Ìjerò tó bèèrè ọ̀rọ̀ afọbajẹ. Ẹnu rẹ̀ dùn, bàbá rẹ̀ sì ń ṣọdẹ. Kí wọ́n tó gbé e rárá ló ti ṣèlérí odindi ọ̀yà kan, ó ní wọ́n á yan án títí yóò fi gbẹ. Orí ọ̀rọ̀ ọ̀yà yìí ni wọ́n gbé e lé. Ó jẹ gàba gan-an ní tirẹ̀! Ó ní kí ẹnì kan máa fẹ́ òun, kí ẹnì kan máa gbé ìwé òun lọ sí kíláàsì. Sọ́jà méjì ló fọ aṣọ rẹ̀ lódò. Bí ẹnì kan bá kùn, á kàn ní, "Ọ̀yà," kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìkùnsínú á pa rẹ́.

Nígbà tó yá, ẹrù dé láti Ìjerò. Wọ́n kó ara wọn jọ sábẹ́ igi mángòrò kí wọ́n lè tú u. Ewé ni wọ́n fi dì í, ewé náà sì pọ̀. Wọ́n ṣí ewé, ewé ló tún wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀, àparò kan ni, ó sì jọ pé àìsàn ló pa á, kì í ṣe ìbọn.

Gólì gbé e lẹ́sẹ̀ kan sókè, ó wò ó ní iwájú, ó wò ó lẹ́yìn.

"Ọ̀yà yìí ní ìyẹ́," ó wí.

"Bàbá mi ní igbó kò dára lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ ní sùúrù."

Wọ́n kọ́kọ́ yọ ọ́ lóyè kí wọ́n tó jẹ àparò náà. Lójú gólì, kò yẹ kí ènìyàn jẹ ẹran ọba kó tún wá yọ ọ́.

Ibi tó le jù ló kàn báyìí, nítorí ẹni méjì ló jáde pé àwọn fẹ́ oyè. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Arámọ̀kọ gan-an, ìyá rẹ̀ ń din àkàrà níwájú gáréèjì. Èkejì wá láti Ìkógòsì. Gólì ní kí àwọn méjèèjì dúró lórí pápá, kí oníkálùkù sọ ohun tó mú wá, bí ẹni ń ná ẹran lọ́jà. Nígbà tí tíṣà gbọ́ pé wọ́n ń ta oyè Róòmù lórí pápá bọ́ọ̀lù, ó fi oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wá. "Wọ́n tà á báyìí náà!" ó ń pariwo fún tíṣà Jọ́gíráfì tó ń kọjá lọ. "Wọ́n dúró lẹ́yìn ògiri, wọ́n ń ná an!" Tíṣà Jọ́gíráfì ní òun ti gbọ́.

"Àkàrà gbígbóná," ọmọ Arámọ̀kọ wí. "Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé."

Inú àwọn sọ́jà dùn. Wọ́n yíjú sí ọmọ Ìkógòsì. Ó ń wo ilẹ̀, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́.

"Omi gbígbóná."

Ọyẹ́ ti dé. Ní àárọ̀ kùtù ni wọ́n máa ń lé wa lọ wẹ̀ lódò, omi náà sì dà bí abẹ. Ara gólì ti funfun bí ẹni tí wọ́n da eérú lé lórí, nítorí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ ló jẹ́ pé ojú àti ẹsẹ̀ nìkan ló ń wẹ̀. Gbogbo wa sì mọ omi Ìkógòsì, bó ṣe ń jáde láti inú òkè, tó ń lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́, tí ẹnikẹ́ni kò dáná sí i lábẹ́.

"Àkàrà àti ẹ̀kọ!" ọmọ Arámọ̀kọ kígbe.

Wọ́n ti gbé ọmọ Ìkógòsì.

Ó gba àyè lọ sílé ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀. Ní ọ̀sán Sátidé, lọ́rì kan wọ ọgbà ilé-ìwé pẹ̀lú àgbá omi lẹ́yìn. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé àgbá náà, wọ́n fi àkísà wé bùláńkẹ́ẹ̀tì, wọ́n wá fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ di gbogbo rẹ̀, bí ọmọ tuntun tó ń ṣàìsàn. Ọba wa jókòó tì í, ó gbá a mọ́ra. Àwọn sọ́jà ti tò sílẹ̀, táwẹ́ẹ̀lì lọ́rùn, ọṣẹ lọ́wọ́, wọ́n ń kọrin. Dírẹ́bà ní òun kò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rí, pé ní gbogbo ọ̀nà láti Ìkógòsì gba Erínjìyàn ni ọmọ yìí ń bẹ òun pé kí òun má rọra, kí òun má sì sáré.

Wọ́n tú ewé. Wọ́n tú àkísà. Gólì ti ìka kan bọ omi náà. Ó dúró. Ó ti gbogbo ọwọ́ bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló fi ìgúnpá tọ́ ọ wò, bí ìyá ṣe máa ń ṣe kó tó wẹ ọmọ.

"Omi yìí tutù."

"Ó gbóná nígbà tó kúrò nílé!"

"Èmi náà gbóná nígbà tí mo kúrò nílé," gólì wí.

Ẹnì kan ní bóyá ìhà omi tútù ló ti pọn ọ́n, nítorí méjèèjì ló wà ní Ìkógòsì, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara wọn. Ọmọ náà fi ìyá rẹ̀ búra. Omijé wà lójú rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, ṣùgbọ́n oyè ti lọ. Ilé ìdáná gba omi náà, wọ́n fi se ẹ̀wà.

Lẹ́yìn èyí, oyè Róòmù di ohun tí ọmọ ènìyàn ń sá fún. Ọmọ Arámọ̀kọ ní òun kò fẹ́ mọ́, pé ìyá òun ti gbọ́, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ṣíbí ìdinkàrà lu òun. Tíṣà dúró níwájú kíláàsì. "Ta ló fẹ́ jẹ ọba?" Gbogbo ojú lọ sókè àjà. Ní Èkìtì! Níbi tí àwọn ọmọ ọba ti ń ta oko kókó nítorí ẹjọ́ oyè!

Ojú rẹ̀ wá dúró lórí mi.

"Ìwọ. O mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú eré náà."

"Sà, obìnrin ni mí."

"Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì kò mọ obìnrin."

Bó ṣe yí padà láti kọ nǹkan sójú pátákó ni mo gba ojú fèrèsé jáde. Mo sá lọ sí ilé ìdáná, mo wọ àárín ìtí igi ìdáná àti ògiri, mo fi apẹ̀rẹ̀ bo orí. Ì bá jẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n rán, wọn ì bá má rí mi. Ṣùgbọ́n gólì ni wọ́n rán, kò sì sí igun tí gólì kò mọ̀ nínú ilé ìdáná. Ó ṣí apẹ̀rẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹ jáde."

"N kò jẹ."

"Ẹ ti jẹ. A ti dìbò."

"Gólì, n kò ní nǹkan kan o. N kò ní gààrí, n kò ní ọ̀yà. Bàbá mi, tíṣà ni. Ẹ̀pà tí mo ní, mo ti jẹ ẹ́ tán lẹ́yìn aṣọ ìkélé."

Ó rò ó díẹ̀. "A mọ̀," ó wí. "Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn."

Báyìí ni wọ́n ṣe gbé mi jáde tèmi ti apẹ̀rẹ̀. Nígbà tí tíṣà gbọ́ ibi tí wọ́n ti rí mi, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu ojú. Ó ní ọ̀kan wà nínú àwọn ọba Róòmù tó sá pamọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni sọ́jà ti fà á yọ. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ó yẹ kí n yọ̀.

Ohun tí kò sẹ́ni tó rò nínú wa ni pé nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọba ìṣáájú gorí oyè, ó ti ránṣẹ́ sílé. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó tún ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n yọ ọ́.

Ọjọ́ náà dé. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà, wọ́n to tábìlì pọ̀ fún ìtàgé. Lọ́rì ń dé. Láti Ẹ̀fọ̀n, gbogbo ilé kan ló dé, tọmọdé tàgbà. Láti Ìjerò, àwọn ọdẹ dé pẹ̀lú fìlà lórí, wọ́n gbé ohun ńlá kan tó ń rùn dáadáa tí wọ́n fi àpò bò. Láti Ìkógòsì, àwọn obìnrin dé, wọ́n wọ aṣọ ìmúròde. Ará Arámọ̀kọ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ilé wọn ni. Láti Ìdó-Ilé, ìyá bàbá mi nìkan ló wá, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ jókòó níwájú pẹ̀lú pírínsípà wa.

Wọ́n wé aṣọ funfun mọ́ mi. Wọ́n fi ewé ọsàn ṣe adé fún mi, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já a lórí igi ni, tanpẹ́pẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Kí n tó dé orí ìtàgé ni mo ti mọ̀. Wọ́n gbé mi sókè. "Kábíyèsí!" Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, èyí tó sọ pé ẹ̀yin ọmọ ogun mi, ẹ gbọ́ mi, ṣùgbọ́n tanpẹ́pẹ́ kan ti wọ etí mi, mo sì kàn ń mi orí gìrìgìrì. Ẹnì kan nínú àwọn òbí ní, "Ọba yìí le o!"

Obìnrin kan láti Ẹ̀fọ̀n ló kọ́kọ́ dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi dà? Wọ́n ní ọmọ mi ni ọba."

"Ọmọ tiyín kẹ̀?" ọdẹ kan dáhùn. "Ọmọ Ìjerò ni ọba. Ó ránṣẹ́ sí wa."

"Ìkógòsì ni," àwọn aláṣọ ìmúròde wí. "A pọn omi fún un!"

Bí wọ́n ṣe ń wí báyìí ni ìyá Ẹ̀fọ̀n rí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn àtíbàbà níbi tó fi ara pamọ́ sí. Kí ó tó sá, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbé e lé èjìká. "Ọba nìyí!" Àwọn ọdẹ kò sì jẹ́ gbà. Wọ́n rí ọmọ tiwọn láàárín àwọn tó ń pín omi, wọ́n gbé òun náà. Ìkógòsì gbé tiwọn. Ará Arámọ̀kọ kọ́kọ́ ń wò wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, títí tí alákàrà fi dìde, tó fa ọmọ rẹ̀ létí wá síwájú.

"Ṣé ní ìlú tiwa ni gbogbo ayé yóò ti jọba, tí kò ní sí tiwa?"

Ni wọ́n bá gbé òun náà. Ó ń kígbe pé òun kò ṣe, pé òun kò fẹ́, wọ́n sì ń pariwo "Kábíyèsí" lé e lórí.

Tíṣà wa jáde láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orí rẹ̀ tó pá. N kò rí ènìyàn tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, àní nígbà ìgbéyàwó.

"Ó ń ṣẹlẹ̀!" ó wí. "Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń fi tirẹ̀ jẹ! Báyìí gan-an ni!"

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀?" pírínsípà bèèrè.

"Ìtàn ni, sà!"

"Ẹ dá a dúró!"

"Kò ṣeé dá dúró, sà! Wọn ò rí i dá dúró!"

Lórí pátákó mi, mo wo ìsàlẹ̀, mo sì rí i pé a ti ń lọ. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́ àpò kúrò lórí ẹrù àwọn ọdẹ. Ọ̀yà gbígbẹ ni, ọ̀yà tòótọ́, ó ń dán, ó sanra. Gólì ti rí i. Kò sọ nǹkan kan fún àwọn yòókù, kò sì pọn dandan kó sọ ọ́. Gbogbo wọn yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gbé mi kọjá níwájú ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́, ó dìde díẹ̀ láti kí mi, a sì forí lé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìjerò.

"Gólì, níbo lẹ̀ ń gbé mi lọ?"

"Ẹ má bínú, Kábíyèsí," ó wí láti ìsàlẹ̀. "Ìjọba ti yí padà."

Àwọn ọdẹ rò pé a wá wárí ni. Wọ́n gba ọ̀wọ̀ náà, wọ́n gbé ọmọ tiwọn kúrò lórí èjìká, wọ́n sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ mi lórí pátákó. Èmi àti òun wo ara wa. Pátákó náà ké. Ibi tó ti là tẹ́lẹ̀ ló gbà já, a sì wó lulẹ̀ sórí àwọn sọ́jà. Adé mi fò, ó bọ́ sí gólì lórí, akoto rẹ̀ ti ṣubú, tanpẹ́pẹ́ sì wọ inú irun rẹ̀ àti inú ẹ̀wù rẹ̀.

Pírínsípà wa kò mọ ohun tí yóò ṣe mọ́. Ó nawọ́ sí àwọn ọmọ tó ń fọn fèrè, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin orílẹ̀-èdè.

Ẹ ní láti rántí pé òmìnira kò tíì pẹ́ nígbà náà. Bí wọ́n bá fọn orin yẹn, ẹni tó ń jẹun á gbé òkèlè sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn dúró gbọnrangandan. Àwọn ọba dúró lórí èjìká níbi tí wọ́n wà. Èmi náà dìde láàárín pákó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, gólì dúró ṣánṣán, ọwọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tanpẹ́pẹ́ sì ń bù ú jẹ láti orí dé ẹsẹ̀. Kò mira. Omijé kàn ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń ṣàn dé àgbọ̀n.

Ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ rí i. Nígbà tí wọ́n fọn orin tán, ó dìde sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò mọ eré tí a ń ṣe, kò sì yé òun títí di ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n òun rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbí tí ìfẹ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀ mú un sunkún ní gbangba. Ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Gólì tẹrí ba, lẹ́yìn náà ló sá lọ sódò tòun ti aṣọ. Ọyẹ́ tàbí kì í ṣe ọyẹ́, ó wẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àwọn ọdẹ pín ọ̀yà fún gbogbo ènìyàn, ará Ẹ̀fọ̀n náà jẹ nínú rẹ̀. Alákàrà lọ gbé àkàrà wá, ó ní ọ̀rọ̀ oyè ti parí, kí ẹnikẹ́ni má tún fẹnu bà á. Mo lọ bá ìyá bàbá mi níbi tó jókòó sí. Kò kúrò lójú kan ní gbogbo ìgbà tí ìjà náà fi ń lọ.

"Ṣé wọ́n ti yọ ọ́ ni?" ó bèèrè.

"Wọ́n ti yọ mí, màmá."

"Ó dáa. Mo wò ó, mo wò ó, n kò rí uyán kankan níbẹ̀." Ó ṣí agbọ̀n rẹ̀, ó gbé iyán jáde. "Jókòó, kó o jẹun. Lẹ́yìn náà ká máa lọ sí ulé."

Nígbà ìdánwò, tíṣà wa bi wá pé kí ló dé tí àwọn ọba Róòmù kan kò fi pẹ́ lórí oyè. Ọmọ Ìkógòsì kọ ọ́ pé ọ̀nà jìn. Wọ́n fún un ní máàkì, ó sì ya gbogbo wa lẹ́nu.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, mo ti jáde nílé-ìwé, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní Ìdó-Ilé. Ọ̀sẹ̀ tí rédíò kéde pé àwọn sọ́jà ti gba ìjọba nílẹ̀ wa ni tíṣà wa yà sílé wa. Ó ń rìnrìn àjò lọ sí Òkèmẹ̀sí, lọ́rì rẹ̀ bàjẹ́ lọ́nà. Ó ti rù díẹ̀. Sítáàṣì ṣì wà nínú ṣòkòtò rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó jókòó, kò ró bíi ti tẹ́lẹ̀. Bàbá mi pa rédíò, ó fún un ní àga tó dára jù.

"Tíṣà," bàbá mi wí, "ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí. Irú èyí tó ṣẹlẹ̀ yìí, báwo ló ṣe máa ń parí?"

Mo dúró ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé ojú rẹ̀ á tàn, pé yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí ahun, a ò sì ní sùn. Ó kàn wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó wí, "mi ò kọ́ wọn ní ìtàn mọ́ láti ọjọ́ tí rédíò ti kéde. Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ wọn báyìí."

"Jọ́gíráfì kẹ̀?"

"Òjò. Afẹ́fẹ́. Ibi tí odò ti ń ṣẹ̀ wá."

Mo gbé iyán wá. Bí wọ́n ṣe ń jẹun ni tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ibi tí ọyẹ́ ti ń wá fún bàbá mi, ó fi ìka fa ọ̀nà rẹ̀ sórí tábìlì láti aṣálẹ̀ títí dé Èkìtì. Nígbà tó dé Èkìtì, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ọbẹ̀ rẹ̀ sì ti tutù.